Torch coral mi ń bó lára, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja inú omi iyọ̀. Torch coral mi, ẹranko inú òkun tó ní egungun líle bí òkúta, ń dà mí láàmú. Ẹran ara rẹ̀ ń ká sókè láti ìdí, egungun funfun ti yọ síta, àwọn ọwọ́ rẹ̀ kò sì nà jáde dáadáa mọ́. Nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ àmì àrùn kò sí lára rẹ̀, kò rùn. Ìyẹn ni mo fi ṣì ní ìrètí.

Ìgbóná omi 25°C, iyọ̀ 1.025, calcium 420. Alkalinity, ìyẹn agbára omi láti kojú àsìdì, ni kò dúró sójú kan: 7 lónìí, 9 lọ́la. Nitrate àti phosphate, tí coral ń lò bí oúnjẹ, òdo ni méjèèjì. Ṣé ebi ló ń pa á ni, àbí alkalinity yìí? Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ẹja clown tó ń fara nù ún ṣáá ńkọ́, ṣé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀?