Kíkí Ọ̀rẹ́ Kú Oríire Lédè Jàpáànì: Ohun Tí Ojú Wa Ti Rí

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Òsákà:
“Omedetō gozaimasu” nìkan ni ìwé tí mo fi kọ́ èdè náà kọ́ mi, nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, mo tẹrí ba, mo sì sọ ọ́ tán pátápátá. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé mo fẹ́ ta ọjà fún òun ni. Òun ló là mí lọ́yẹ̀ pé “gozaimasu” ló gbé ọ̀wọ̀ dání, bí “ẹ” ṣe gbé e dání nínú “ẹ kú oríire” tiwa, àti pé láàárín ẹgbẹ́, “omedetō” lásán ti tó. Àmọ́ èyí tí inú rẹ̀ ìbá dùn sí jù ni “yatta ne!”, ìyẹn “o ti ṣe é!”, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tó ń kó ẹni lọ́kàn sókè ló já sí rere, “yokatta ne” ni wọ́n ń sọ. Lójú tèmi, kò sí èyí tó tu ni lára tó o.

Òṣìṣẹ́ ní Tókyò:
Tèmi kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wa ló kọ́ mi ní “akeome”, ìyẹn “akemashite omedetō” tí wọ́n gé kúrú láti fi kí ara wọn kú ọdún tuntun lórí fóònù. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Àṣìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà: a kì í gé ìkíni fún ẹni tó juni lọ, bẹ́ẹ̀ ni “akemashite” ń sọ pé ọdún ti mọ́, nígbà tí kò tí ì mọ́. “Yoi otoshi o”, ìyẹn “kí ọdún tó ń bọ̀ dára”, ni à ń sọ kí ọdún tó mọ́. Ọ̀gá náà kò fèsì.

Ẹnì kan ní Kyoto:
Ti ẹ̀yin méjèèjì ṣì sàn. Ní oṣù Kọkànlá, ọ̀rẹ́ mi fi káàdì ránṣẹ́ pé bàbá òun ti ṣaláìsí. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé irú káàdì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mochū hagaki, ń sọ fún ni pé ilé náà wà nínú ọ̀fọ̀, kí a má ṣe fi “omedetō” kí wọn lọ́dún tuntun. Lọ́jọ́ kìíní ọdún, mo kọ “akeome!” sí i. Alẹ́ ló tó fèsì: “Kotoshi mo yoroshiku”, pé kí a tún jọ máa bá a lọ lọ́dún yìí. Kò fi “omedetō” kankan sí i, kò sì bá mi wí.