Iná DPF lórí katapílà tókùnbọ̀: ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí iná DPF (fílítà èéfín dísẹ́ẹ̀lì) bá ń tàn lemọ́lemọ́ lórí katapílà tókùnbọ̀, ẹ má tíì dá fílítà lẹ́bi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba èérí dúdú inú èéfín mú. Tó bá kún, ẹ́ńjìnì á fi dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sun ún, ooru náà á tó nǹkan bí 600°C. Tó bá ń kún ṣáájú àsìkò, ẹ wá ibi tí èérí ti ń wá: nọ́súlù tó ń kán epo, túbò tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá, rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya, EGR (fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnì) tó há. Ẹ wo ọ̀párétọ̀ náà, pàápàá èyí tó ń fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lórí sìló látàárọ̀ nítorí AC. Sàlẹ́ńsà kì í gbóná tó lórí sìló, èérí á kàn máa kórajọ ni.

Ẹ tún tú rọ́bà tín-ín-rín méjì tó lọ sára sẹ́ńsọ̀ DPF, èyí tó ń wọn bí fílítà ṣe dí tó. Bí ọ̀kan bá dí, kọ̀ǹpútà á ka irọ́. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára sẹ́ńsọ̀ kí ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ á bàjẹ́.

Eérú yàtọ̀ sí èérí. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ti ń wá, iná kì í sì í jó o. Ọ́ìlì CJ-4 tàbí CK-4 ni kí ẹ lò, torí eérú wọn kò gbọdọ̀ ju 1% lọ. Síbẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tó bá tó nǹkan bí 5,000 wákàtí, ẹ óò tú fílítà náà lọ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Omi alágbára tí a fi ń fọ mọ́tò kọ́ o! Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dá a padà.

——

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti AdBlue (omi yúríà tó ń fọ èéfín mọ́, tó ní táǹkì tirẹ̀) kún un, torí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ jù.

Yúríà 32.5% ló wà nínú rẹ̀, omi tí kò ní iyọ̀ kankan ló kù. Ajílẹ̀ yúríà tí wọ́n pò mọ́ píọ́ wọ́tà á dí nọ́súlù, á sì ba SCR (apá sàlẹ́ńsà tí AdBlue ti ń fọ èéfín mọ́) jẹ́. Bí ẹ bá fi refractometer (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí yúríà ṣe pọ̀ tó) wò ó, kó wà láàrin 31.8 sí 33.2%. Ẹ má tọ́jú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sínú oòrùn: ní 25°C ó lè lo ọdún kan àbọ̀, ní 35°C oṣù mẹ́fà péré.

Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, ẹ ní sùúrù bí ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó já iná bátìrì. Pọ́ọ̀ǹpù ṣì ń fa AdBlue padà sí táǹkì lásìkò yẹn. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú páìpù á gbẹ, á di èépá funfun. Omi gbígbóná ló ń yọ́ ọ, ẹ má fi irin ha á.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì da dísẹ́ẹ̀lì sínú táǹkì AdBlue, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Gbàrà tí pọ́ọ̀ǹpù bá ti fà á, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ á wú.

——

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Tier 4 Final (ìpele òfin èéfín ti Amẹ́ríkà) ló ní DPF o, SCR nìkan ló wà lára àwọn mìíràn. Ẹ yẹ ẹ̀rọ yín wò ná.

Epo náà ńkọ́? Dísẹ́ẹ̀lì tí sọ́fà (sulphur) rẹ̀ kò ju 15 ppm (ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mílíọ̀nù kan) lọ ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà fún, 10 ppm ni ti Yúróòpù. Sọ́fà tó pọ̀ máa ń pa DOC, apá sàlẹ́ńsà tó ń mú èéfín gbóná, tó wà níwájú fílítà. Ẹ so scanner mọ́ ẹ̀rọ náà nígbà regen (tí ẹ́ńjìnì bá ń sun èérí inú fílítà): bí ooru ẹ̀yìn DOC kò bá ga ju ti iwájú rẹ̀ lọ dáadáa, DOC ni ẹ óò tú wò, kì í ṣe fílítà.