Bàbá Mi Kó Owó Àjọ Jẹ: Ṣé Àánú Ọlọ́run Ní Ààlà?

Olùbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí èmi nìkan kò lè dá gbé, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi dá sí i bí ẹni ń dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

Alájọ ni bàbá mi nígbà tí a wà ní kékeré, ní ọjà kan ní Ìbàdàn. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n á gba 10 náírà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ata, 20 lọ́wọ́ ẹni tó ń ta èlùbọ́, wọ́n á sì sàmì sí káàdì olúkúlùkù. Bí oṣù bá parí, wọ́n á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì dá ìyókù padà fún ẹni tó ni ín. Ní ọdún 1992, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi èlé gọbọi tan ará ìlú pọ̀ káàkiri, wọ́n kó owó àwọn ọlọ́jà lọ sí ọ̀kan nínú wọn láì fi tó ẹnikẹ́ni létí. Nígbà tó fi di ọdún kejì, ilé-iṣẹ́ náà ti forí ṣánpọ́n. Dípò kí bàbá mi jókòó kí wọ́n sọ òtítọ́, wọ́n kó èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fòru sá lọ sí Kùtọnu. Ìyá mi ni àwọn ọlọ́jà ká mọ́lé, ojú ìyá mi sì rí màbo kó tó di pé wọ́n kó wa kúrò ní ìlú.

Nígbà tí bàbá mi padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìlú mìíràn ni wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n di àtúnbí, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì di alàgbà nínú ìjọ wọn. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ àjọ nínú ilé wa.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n ní apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ti ń já gaara lẹ́nu wọn báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì bá àwọn káàdì àjọ níbẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ti ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Ìyá Elélùbọ́. Àyè 31 ni wọ́n pín káàdì náà sí. Wọ́n ti fi báírò búlúù sàmì sí 27, mẹ́rin tó kù ṣófo. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ní Kùtọnu pé ọmọ obìnrin náà ṣàìsàn lóṣù yẹn, pé owó àjọ yìí ló gbójú lé fún ilé ìwòsàn, ọmọ náà kò sì yè é.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń bójú tó ìjọ wọn sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ gbogbo rẹ̀ nù, pé àìnígbàgbọ́ ni kí èèyàn tún máa ṣí ìwé ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run ti pa rẹ́. Síbẹ̀ bàbá mi kò rí oorun sùn. Wọ́n bi mí lóru pé, “Ṣé Ọlọ́run lè dárí owó olówó jini?” Mo dákẹ́, torí pé n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ìfẹ́ àti ìdáríjì Ọlọ́run ní ibi tó mọ? Bí kò bá sì ní, kí ni ká ṣe sí àwọn káàdì yìí?

Bàbá Olùkọ́ (fẹ̀yìntì):

Arábìnrin, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Mo fara mọ́ ohun tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run yẹn sọ, mo sì fẹ́ kí ẹ ronú nípa Mánásè ọba Júdà. Ọdún 55 ló fi jọba ní Jerúsálẹ́mù. Ó kọ́ pẹpẹ òrìṣà sínú tẹ́ńpìlì, ó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ nínú iná, ìwé Àwọn Ọba Kejì sì sọ pé ó ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kún Jerúsálẹ́mù láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè lọ sí Bábílónì, tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí Kíróníkà Kejì orí 33 sì jẹ́rìí pé Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì mú un padà sórí ìtẹ́. Bí àánú bá lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sun ọmọ ara rẹ̀ níná, ta ló máa ti alájọ mọ́ta? Olè tó wà lórí àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù kò dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ yẹn gan-an la sì ṣèlérí Párádísè fún un. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó kiri, bàbá lè kú pẹ̀lú èrò pé owó làwọn fi ra ìgbàlà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ìyá Ìjọ:

Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ka ìtàn Mánásè parí. Nígbà tó padà dé Jerúsálẹ́mù, ó kó àwọn òrìṣà náà jáde, ó dà wọ́n sẹ́yìn ìlú, ó sì tún pẹpẹ Olúwa ṣe. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ló tún ṣe. Ní ti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé mọ́, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti kú, ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 24 sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bà mí lẹ́rù gidigidi: pé nítorí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ yẹn, Olúwa kò fẹ́ dárí jì, ìlú náà sì jìyà rẹ̀. Ìwé Mímọ́ kan náà ló gbé ìdáríjì ọba àti ìyà ìlú kalẹ̀ fún wa, n kò sì rò pé ó yẹ ká fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Wòlíì Nátánì sọ fún Dáfídì ọba lójú ẹsẹ̀ pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀ Ùráyà, ẹni tí Dáfídì mú kí wọ́n pa, kò jí dìde.

Ní ti owó, Léfítíkù orí 6 kò fi wá sínú òkùnkùn. Ó sọ nípa ẹni tó hùwà èrú lórí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ alájọ gan-an: yóò dá a padà lódindi, yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e, yóò sì gbé e fún olówó lọ́jọ́ tó bá mú ẹbọ ẹ̀bi rẹ̀ wá. Jésù náà sọ nínú Mátíù orí 5 pé bí èèyàn bá rántí níwájú pẹpẹ pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun, kó fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà.

Ẹ̀rù tó ń bà yín pé owó lè di owó ìgbàlà kì í ṣe ẹ̀rù kékeré, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sákéù agbowó-orí. Jésù ti pè é sọ̀kalẹ̀ lórí igi síkámórè, ó ti ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀, kó tó di pé ó dá kọ́bọ̀ kan padà. Ìfẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, ìfẹ́ yẹn ló sì mú un dìde dúró, tó fi sọ pé òun máa san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Olè orí àgbélébùú kò san nǹkan kan nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí igi. Bàbá yìí ní ilé, wọ́n ní ọmọ, orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ lówó sì wà nínú àpótí.

Alfa Ìlọrin:

Mo kí gbogbo yín. Nínú Àlùkùránì, Súrà Az-Zumar, ẹsẹ 53, Ọlọ́hun bá àwọn tó ti ṣe àṣejù sí ẹ̀mí ara wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ̀rètí nù nínú ìkẹ́ Òun, nítorí pé Òun a máa ṣe àforíjìn gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí àwọn onímọ̀ méjì, Bùháárì àti Mùsílímù, gbà wá sọ nípa ọkùnrin kan tó pa èèyàn 99, tó tún pa ẹni tó sọ fún un pé kò sí túúbá fún un, tí iye wọn fi pé 100; síbẹ̀ àwọn màláíkà ìkẹ́ ló gbẹ̀mí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, n kò lè fa ìlà sílẹ̀ fún àánú Ọlọ́hun lórí ẹni tó bá tọrọ rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ tó dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wa ya ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ ẹ̀dá. Ẹni tó kú sójú ogun ẹ̀sìn pàápàá, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni a ó fi jì í, àyàfi gbèsè. Ìgbà kan wà tí wọ́n gbé òkú ẹnì kan wá síwájú Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí ó jẹ gbèsè dínárì 3, tí kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ànábì kò kírun sí i lára títí Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, fi sọ pé òun gba gbèsè náà sọ́rùn. Ẹ kíyè sí i, arábìnrin: ẹlòmíràn ló gbà á sọ́rùn, ó sì tó. Ọmọ lè san gbèsè bàbá rẹ̀, kódà nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá kò lè gbé wọn dé ọjà mọ́.

Ará Brooklyn:

Láàárín àwọn Júù ni mò ń gbé níbí. Kí Ọjọ́ Ètùtù wọn tó pé, wọ́n máa ń wá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ láti tọrọ àforíjì, nítorí pé Míṣínà, ìwé òfin àtijọ́ wọn, ní apá tí wọ́n ń pè ní Yoma, sọ pé ọjọ́ náà kì í ṣètùtù ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀, àfi tó bá kọ́kọ́ tù ú lójú. Ó yà mí lẹ́nu bí ohùn ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dọ́gba lórí èyí.

Ọmọ Ọlọ́jà:

Ọmọ ẹni tí alájọ gbówó rẹ̀ sá lọ ni mí. Kì í ṣe bàbá yín o. Ìlú tiwa yàtọ̀. Aṣọ òkìrìkà ni ìyá mi ń tà. Owó ìdánwò àṣekágbá ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń dá lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, wọn kò sì padà sílé-ìwé mọ́. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin yìí dìde nínú ìsìn kan, ó jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe dárí jì í, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Ìyá mi wà ní ìjókòó. Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọn kò sì wọ ilé ìsìn yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kì í ṣe ìdáríjì Ọlọ́run ló dun ìyá mi. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ọkùnrin náà mọ ilé wa, kò sì yà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó pásítọ̀ lẹ́yìn, ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé Bíbélì sọ ọ́ di dandan fún wọn láti dárí jì. Mo mọ òwe ẹrú tí a dárí gbèsè ńlá jì nínú Mátíù orí 18, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹni tó jẹ gbèsè kọ́ ló yẹ kó máa kà á sétí ẹni tó jẹ lówó. Ẹ gbé owó wọn fún wọn, ẹ sọ òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú.

Olùbéèrè:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìṣirò wá di ìṣòro fún mi. 20 náírà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 27 jẹ́ 540 náírà. Ní 1993, nǹkan bí 22 náírà ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan; nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti ju 1,500 lọ. Bí a bá fi dọ́là wọ̀n ọ́n, 540 ìgbà yẹn ju 36,000 ti ìparí ọdún 2024 lọ. Èwo ni kí n san? Àwọn mìíràn ńkọ́, tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú, tí n kò sì mọ ọmọ wọn?

Alfa Ìlọrin:

Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí owó tí iye rẹ̀ ti wó. Àwọn kan ní iye tó wà lákọsílẹ̀ ni kí a san, àwọn mìíràn ní bí owó bá ti wó bàjẹ́, ohun tó lè rà nígbà náà ni kí a wò. Níbi tí iyèméjì bá wà, èmi á ní kí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí a jẹ lówó. Ẹni tí ẹ bá wá títí tí ẹ kò rí, tí ẹ kò sì rí ajogún rẹ̀, ẹ fi owó rẹ̀ ṣe sàráà lórúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ìpinnu pé ẹ ó san án bó bá yọjú lọ́jọ́ kan.

Ìyá Ìjọ:

Nọ́ḿbà orí 5 sọ irú ohun bẹ́ẹ̀: bí kò bá sí ìbátan, ti Olúwa ni, àlùfáà ni yóò gbà á. Àmọ́ ẹ má ṣe sáré gbé e fún ìjọ o. Ẹ kọ́kọ́ wá ajogún dáadáa. Àwọn ìyálọ́jà mọ ilé ara wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bàbá Olùkọ́ (fẹ̀yìntì):

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá tó dìde jáde nínú ìsìn sì wọ̀ mí lára. N kò yí padà lórí pé oore-ọ̀fẹ́ kò ní ibodè. Ohun tí mo wá rí ni pé ìdáríjì tí Ọlọ́run fún bàbá yìí kò fún bàbá láṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ Ìyá Elélùbọ́. Ẹ sọ fún bàbá kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan pé Ọlọ́run ti fẹ́ràn wọn, kí sísan tó tẹ̀ lé e. Ní ti ọmọ tó kú, kò sí owó tó lè san án, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣírò rẹ̀ mọ́ gbèsè náà.

Olùbéèrè:

Mo ka ìdáhùn yín sí bàbá mi létí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní kí a ta ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, kí a fi ìdá márùn-ún lé owó olúkúlùkù lẹ́yìn tí a bá ti wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Àbúrò mi ọkùnrin ti lọ béèrè lọ́jà, ó sì gbọ́ pé Ìyá Elélùbọ́ ṣì wà láyé, pé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n wà. Ọ̀dọ̀ wọn la máa kọ́kọ́ lọ. Bàbá mi ní kí n má bá àwọn tọrọ àforíjì lọ́jọ́ yẹn rárá: kí n gbé owó kalẹ̀, kí n jẹ́wọ́ pé àwọn gbọ́ nípa ọmọ náà, kí n sì sọ ibi tí àwọn ń gbé, bóyá ìyá náà á fẹ́ wá sọ tinú wọn lójú àwọn.