Áísìkiriìmù ojú ọ̀nà New England nígbà ooru: níbo lẹ ti jẹ èyí tí ẹ ò lè gbàgbé?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ti ìrìn àjò dé, ọkàn mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ló wa ọkọ̀, àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìn. Láti Worcester ní Massachusetts la ti gbéra, a gba New Hampshire wọ Vermont, ọjọ́ 5 la lò ní New England yìí, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n kí a tó jáde nílé: lójoojúmọ́, a gbọ́dọ̀ yà síbi kan tí àwọn tó ni ín ti ń ṣe áísìkiriìmù fúnra wọn. Èyí tó wà nínú fìrísà ilé epo, kò sí ìgbà tí a ò lè rí i rà.

Vermont gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ò ní rí pátákó ìpolówó gàgàrà kankan lẹ́bàá títì níbẹ̀, ọdún 1968 ni wọ́n ti ṣòfin tó lé wọn lọ. Òkè, igbó, pápá màlúù, òkè tún ni. Àmì kéékèèké tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló wà ní oríta, bí ojú yín bá fò ó, ẹ ti kọjá nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni a kọjá ibi tí a ń wá. Nígbà tó yá, mo ní kí Bàbá Ìbejì dúró nílé epo kan. Mo rí ìyá àgbà kan tó ń ra yìnyín, mo kí i, mo sì bi í pé níbo lòun fúnra rẹ̀ ń kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ bí ooru bá mú. Ẹ kíyè sí bí mo ṣe béèrè o. Bí ẹ bá bi èèyàn pé níbo ló dára, orúkọ tó gbajúmọ̀ jù ni yóò dá fún yín. Bí ẹ bá bi í pé níbo lòun ń lọ, ó máa rẹ́rìn-ín kọ́kọ́ ná.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ó ní ṣé creemee ni mò ń wá. Bí wọ́n ṣe ń pe áísìkiriìmù rírọ̀ nìyẹn ní Vermont, èyí tí wọ́n ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ kí ó tó ká sórí kóònù. Ó júwe ọ̀nà kan tí wọn ò da ọ̀dà sí, ó ní ká máa lọ títí a ó fi rí abà pupa kan. A dé ibẹ̀, a bá àwọn ọmọdé lórí ìlà, omi odò tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ ṣì ń kán nírun wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ oko náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó ń fún wàrà màlúù lójoojúmọ́ kò ní fowó rẹ̀ ra wàrà tí kò dáa.

Ti maple ni gbogbo wa rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí èyí dáadáa. Omi igi maple, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lára igi, bí omi lásán ló rí lẹ́nu. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 40 ni wọ́n ń sè kí ó tó ku gálọ́ọ̀nù 1 tó ki. Nígbà tí òtútù bá ń parí lọ, tí òru ṣì ń dì tí ọ̀sán ti ń móoru, ìgbà yẹn lomi náà ń ṣàn, Vermont ló sì ń ṣe é jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Adùn rẹ̀ kì í ta lọ́fun bíi ti ṣúgà. Ó jọ oyin tí iná ti jó díẹ̀, òórùn igi sì wà nínú rẹ̀. Creemee kì í tutù tó áísìkiriìmù líle, nítorí náà òtútù kì í pa ahọ́n kí adùn tó dé ibẹ̀. Táíwò jẹ tirẹ̀ tán kí a tó jókòó. Kẹ́hìndé rọra ń lá a, títí ó fi ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀, mi ò bá a wí.

Ẹ wá sọ ti yín. Ìgbà ooru ò tíì tán, a tún lè jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Dírẹ́bà Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àbọ̀. Èmi ń wa tírélà láàárín Hartford ní Connecticut àti Portland ní Maine láti ọdún 11 sẹ́yìn, mo sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ màlúù tí ẹ sọ yẹn pátápátá. Ní Storrs, Connecticut, inú ọgbà yunifásítì ìpínlẹ̀ náà gan-an ni UConn Dairy Bar wà, wàrà màlúù tí yunifásítì ń sìn ni wọ́n fi ń ṣe é. Tírélà ò ṣeé gbé débẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ni mo mú ìyàwó mi lọ. A jẹ tiwa tán, a rìn lọ wo àwọn màlúù náà. Ìyàwó mi dúró tì wọ́n pẹ́ ju bó ṣe dúró ti kóònù rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọgbọ́n kan kún un. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tó wà nínú ike, ẹ kọ́kọ́ gbé e wò. Òfin Amẹ́ríkà ní ọ̀rá wàrà inú áísìkiriìmù kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, gálọ́ọ̀nù 1 rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju pọ́n-ùn 4.5 lọ. Ẹni tó bá ṣe é dé ibi tí òfin gbà gẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ lè tó ìdajì ohun tí ẹ rà. Ike méjì lè rí bákan náà lójú kí ọ̀kan wúwo gan-an lọ́wọ́. Èyí tó wúwo ni kí ẹ mú.

Mo ti yà síbì kan rí nítorí aṣọ ìpolówó ńlá tí wọ́n ta síwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bù fún mi ń dún kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín. Ó ti yọ́ rí, wọ́n tún jẹ́ kí ó dì. Bó bá ti yọ́ tó tún dì, omi inú rẹ̀ á kóra jọ di hóró yìnyín ńláńlá, kò sì sóhun tí èèyàn lè ṣe sí i mọ́. Inú bí mi gidi, nítorí ọmọ mi ló yan ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Providence

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣọ́ orúkọ o! Bí ẹ bá béèrè milkshake lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà Massachusetts, wàrà tí wọ́n po nǹkan dídùn mọ́ lásán ni wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní áísìkiriìmù nínú, frappe ni. Ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa ní Rhode Island, cabinet ló ń jẹ́. Ti kọfí ni kí ẹ gbà. Wàrà alákọfí ni ohun mímu ìpínlẹ̀ wa láti ọdún 1993, wọ́n mọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Màmá mi ń gbé pẹ̀lú mi nítòsí Boston, orúnkún ò sì jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ sí Bar Harbor ní Maine. Mo jẹ áísìkiriìmù búlúbẹ́rì igbó níbẹ̀, irú àwọn kéékèèké tí Maine fi lókìkí, tí kíkan wọn ń gé adùn wàrà. Bí mo ṣe fi kan ẹnu, màmá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ra ike kan, mo kó yìnyín lé e lórí nínú kúlà. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi wákàtí 5. Omi aláwọ̀ àlùkò ni mo gbé dé ilé. Màmá ní kò burú, wọ́n mu ún nínú ife. Mo sunkún ní kíṣìnì.

Lọ́dún tó kọjá, mo padà lọ. Yìnyín lásán ń yọ́ ní odo lórí òṣùwọ̀n Celsius, áísìkiriìmù sì ti ń rọ̀ kí ó tó dé odo, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní dry ice ni mo rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí wọ́n mú dì. Ó tutù dé nǹkan bíi 78 sísàlẹ̀ odo lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í di omi, afẹ́fẹ́ ló ń dà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ má dé kúlà náà pa, ẹ sì jẹ́ kí fèrèsé ọkọ̀ ṣí díẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, torí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè lé èyí tí ẹ ń mí kúrò. Mo fi bébà wé e, mo gbé e lé orí ike náà, nítorí ìsàlẹ̀ ni òtútù ń lọ. Nígbà tí mo délé, ó le bí òkúta. Ìṣẹ́jú 20 la fi dúró kí ṣíbí tó lè wọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ. Mo ti kọ ti fèrèsé yẹn sílẹ̀. Dírẹ́bà Àgbà, Storrs ló kàn.

Ẹnì kan fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ṣé a dé ilé iṣẹ́ Ben & Jerry's ní Waterbury. A dé ibẹ̀, títì tí wọ́n ń pè ní Route 100 ló gbé wa lọ. Inú ilé epo àtijọ́ kan ní Burlington ni Ben àti Jerry, àwọn méjèèjì tó dá ilé iṣẹ́ áísìkiriìmù náà sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gun òkè kékeré ẹ̀yìn ilé náà, itẹ́ òkú wà níbẹ̀ fún àwọn adùn tí wọn ò ṣe mọ́, pẹ̀lú òkúta àti ọ̀rọ̀ ìdágbére lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé ka gbogbo rẹ̀ sókè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, kí ni Màmá wá sọ lọ́jọ́ náà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Wọ́n jẹ ṣíbí mẹ́ta, wọ́n bi mí pé báwo ni òkun ibẹ̀ ṣe rí. Mo ń sọ fún wọn, wọ́n ń jẹ. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ìyókù padà sínú fìrísà, wọ́n gbé ọwọ́ lé ike náà.