“Gíà òkè” kọ́ la fi ń gun òkè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Bàbá wa tó ń gbé Ìbàdàn ti fi àkójọ ọ̀rọ̀ fún àwọn awakọ̀ dísẹ̀lì tó ń fa ẹrù ránṣẹ́ sí wa, wọ́n sì ní kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kí wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo bẹ̀bẹ̀ kí á má tíì fọwọ́ sí, nítorí pé awakọ̀ tó bá tẹ̀ lé wọn lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ó sì lè fara pa.

Èyí tó ká mi lára jù ni “gíà òkè” àti “gíà ìsàlẹ̀”. Nọ́ńbà ni Bàbá ń wò: gíà kìíní wà nísàlẹ̀, ìkẹwàá wà lókè. Ó mọ́gbọ́n dání lórí ìwé. Ẹ wá jẹ́ kí á gbé e dé títì. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ ọkọ̀ kó ẹrù kúrò ní Òṣogbo, ó gba Iléṣà kọjá, ó dojú kọ àwọn òkè Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà àti Ẹfọ̀n Aláayè. Ọ̀gá rẹ̀ kígbe pé, “Fi sí gíà òkè!” Kí ni yóò ṣe? Òkè ló ń gùn lọ́wọ́, Yorùbá sì ni. Yóò gbà pé gíà tí a fi ń gun òkè ni ọ̀gá ń wí. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni àkójọ wa sì ní lọ́kàn. “Òkè” tó jẹ́ ilẹ̀ gíga àti “òkè” tó jẹ́ ipò gíga kò lè jọ jókòó nínú ọ̀rọ̀ yìí.

“Gíà ipá” (fún àwọn nọ́ńbà kékeré) àti “gíà eré” (fún àwọn nọ́ńbà ńlá) ni mo dábàá. Ẹnì kan ti fèsì pé ipá kọ́ là ń wá tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíà kan náà la nílò níbẹ̀. Ipá náà là ń wá! Ẹ̀yìn la kàn yí i sí: táyà ń ti ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ń fa táyà sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í sábà ní ìlẹ̀kùn tó ń dí afẹ́fẹ́ bíi ti pẹtiróòlù, nítorí náà ìdádúró rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá ṣe bíréèkì sójú ọ̀nà èéfín rẹ̀. Kí imú ọkọ̀ tó dorí kọ ìsàlẹ̀ ló yẹ kí gíà ipá ti wọlé. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí bíréèkì ẹsẹ̀ gbóná kó tó wá gíà ti pẹ́ jù.

“Eré ẹ́ńjìnnì” náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọkọ̀ ló ń sáré. Ẹ́ńjìnnì ń yí ni, a sì ń ka yíyí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí a bá já gíà sílẹ̀ lórí òkè, ìyẹn láti nọ́ńbà ńlá sí kékeré, eré ọkọ̀ lè dín kù nígbà tí yíyí ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i. Báwo la ó ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣàlàyé méjèèjì? “Iye ìyípo” ló dára lójú mi.

Àkójọ náà lo “agbára” fún ohun méjì tó yàtọ̀. Ọ̀kan ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fi agídí lọ́ ọ̀pá rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ pè ní “ipá ìlọ́”. Ìkejì ni iye iṣẹ́ tó ń ṣe láàrin àkókò kan, èyí ni agbára. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì tó ní ipá ìlọ́ Newton-mítà 2,000. Tó bá ń yí ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 209. Jẹ́ kí ipá ìlọ́ dúró bó ṣe wà, kí ìyípo dé 1,500: agbára di nǹkan bíi 314. Ìdí nìyí tí jíjá gíà sílẹ̀ fi ń gbé ẹrù gun òkè. Ẹni tí a fi “agbára” kan ṣoṣo kọ́ kò ní lóye rẹ̀ láéláé.

Fún ẹ́ńjìnnì tí ìyípo rẹ̀ ti já wálẹ̀ jù lábẹ́ ẹrù, Bàbá kọ “ìwúwo ẹ́ńjìnnì”. Ẹrù ló wúwo. Lẹ́nu àwọn awakọ̀ tírélà ní ọ̀nà Ìkìrun níbí ni mo ti gbọ́ “ẹ́ńjìnnì ń rọ́jú”, n kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo ń ya wọlé, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, kò yí tó láti kó afẹ́fẹ́ tó yẹ wá, èéfín ń dúdú, ooru ń pọ̀. Páńpù omi àti páńpù ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí náà ń falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, lásìkò tí a nílò wọn jù, bíárìn ló sì ń jìyà rẹ̀. Etí máa ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀: ariwo kò pọ̀, awakọ̀ á rò pé ara tu ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá inú tírélà sábà máa ń ní ipá ìlọ́ tó ga jù láàrin ìyípo 1,000 sí 1,500; kí a jẹ́ kó já sábẹ́ ìyẹn lórí òkè, ìrọ́jú ni. Mo fẹ́ kí “ìrọ́jú” wọ inú àkójọ.

Méjì tó kù kò ní pẹ́. “Àwàjù” (“overdrive” lédè Gẹ̀ẹ́sì) ń sọ fún èèyàn pé ó ti wa ọkọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gíà tí wọ́n ń wí ni èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí ní ìgbà 73 kí ọ̀pá tó ń lọ sẹ́yìn yí ní ìgbà 100. Já a sí gíà tí ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá ti ń yí dọ́gba, láìdín eré kù, ìyípo 1,300 á di nǹkan bíi 1,780. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni gíà “àwàjù” yẹn wà fún. “Gíà pẹ̀tẹ́lẹ̀” ni kí á pè é. “Ìṣọdẹ gíà” (“gear hunting” lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní tirẹ̀ kò ní ẹran tó ń pa. Gíà tó ń gòkè, tó ń sọ̀ láìsinmi nínú ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ yí gíà, tí ọ́ìlì gíà sì ń gbóná nítorí rẹ̀, kò fìdí kalẹ̀ ni. “Àìfìdíkalẹ̀ gíà” tó.

Bàbá, tí ẹ bá gba “gíà ipá” àti “gíà eré” nìkan lọ́wọ́ mi, tí ẹ da ìyókù nù, inú mi á dùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí “gíà òkè” má ṣe dé ọwọ́ awakọ̀ kankan.