Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ta ló ń fi lẹ́tà bú iṣẹ́ yín?

Ayàwòrán Ọjà Ọba: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Oǹdó, tíṣà ni, lámèyítọ́ sì ni. Bí mo bá ya àwòrán tán, màá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kì í pè mí. Lẹ́tà ló máa ń kọ, á fi rán awakọ̀ ní garéèjì. Èyí tó kọ gbẹ̀yìn: "Ọ̀gá Ọlọ́dà, òkè Ìdánrè tí o yà yìí, ṣé òkúta ni àbí àmàlà tó ti tutù?" Mo fèsì pé: "Alàgbà Aríwísí, ojú ebi lo fi wò ó. Wá jẹun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta." Ó wá lóòótọ́. Kó tó fọwọ́, ó ti nàka sí ẹsẹ̀ òkè náà níbi tí mo kùn ní àwọ̀ eérú: "Oòrùn ọ̀sán ò lè fo ibí yìí." Mo fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú díẹ̀ sí i, òkè bá dìde dúró. Ta ló tún ní irú ẹ̀?

Ọmọ Yábà Oǹdó: Àmàlà tutù! Ẹ̀rín pa mí o 😂

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀dà: Èmi ò gbà. Ẹni tí kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí, kí ló kàn án nípa ibi tí oòrùn máa gbà?

Ìyá Ìbejì: Torí ojú wa náà lẹ ṣe ń ṣe é. Àwa la sì ń rà á.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀dà: Ẹ̀yin lẹ ń rà á, ma, òótọ́ ni. Àmọ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ayé àtijọ́ nì, ńkọ́? Ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ dé ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, àwọn òyìnbó sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú wọn gbà á lọ́wọ́ Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lámèyítọ́ wo ló kọ lẹ́tà sí i?

Tíṣà Ìdánrè: Ìyàwó rẹ̀! Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí 1938. Ní 1988, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kì í, wọ́n sì gba oríkì náà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀dà: Oríkì nìyẹn, kì í ṣe àríwísí.

Tíṣà Ìdánrè: Bí kò bá la ojú wo iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ dáadáa, kí ni ì bá rí kì fún àádọ́ta ọdún?

Akéwì FUTA: Ohùn ni lámèyítọ́ tèmi, obìnrin kan, ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó bá ti pè mí ní "Bàbá Akéwì", mo ti mọ̀ pé ìyà dé. Bó bá pe orúkọ mi gbẹrẹfu, ewì náà wù ú nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, ó ní kí n yọ òṣùpá kúrò, pé òṣùpá ti sú òun nínú ewì gbogbo ọ̀dọ́kùnrin Àkúrẹ́. Mo yọ ọ́. Mo fi iná jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa rọ́pò, ó sì pè mí lórúkọ.

Ìyá Ìbejì: Fẹ́ ẹ sílé jàre.

Akéwì FUTA: Ó ti lọ́kọ, ma! Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn nínú ohùn náà.

Ọmọ Yábà Oǹdó: Ayàwòrán, kí lẹ wá fún tíṣà jẹ?

Ayàwòrán Ọjà Ọba: Iyán ni o. Ó tún kọ lẹ́tà lé e lórí: "Iyán ìyàwó rẹ ò ní kókó. Sọ fún un kó máa bá ọ ya àwòrán."

Tíṣà Ìdánrè: Iyán Àkúrẹ́ tí kò ní kókó? Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn yín o.

Ìyá Ìbejì: Tíṣà, ẹ yéé bú ìlú wa. Ẹ wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ wá wò ó.