Ilé etí ọ̀sà tàbí ọkọ̀ ojú omi: ibi tá a parí ọ̀rọ̀ náà sí

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo bi yín bóyá kí èmi àti ìyàwó mi, tá a ń gbé l'Óṣogbo, ra ilé kejì létí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ́, tàbí ká ra ọkọ̀ ojú omi tá a ó máa fi ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀. Ilé la mú.

Ọkọ̀ yẹn wù mí gan-an. Àmọ́ odò Ọ̀ṣun ọ̀dọ̀ wa kò gba irú rẹ̀, ọ̀sà náà la máa gbé e sí, a ó sì máa sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mẹkáníìkì kan tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan fún mi wò: iyọ̀ ti dì funfun síbi tí omi ń gbà kọjá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ máa ń wọ ọ̀sà, ó sì di dandan kéèyàn fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn gbogbo ìrìn. Ẹ tún wo iye epo bẹntiróòlù láti 2023!

Ní ti ilé, sọ̀féyọ̀, ìyẹn awọnlẹ̀, kọ́kọ́ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò pé ìjọba kò gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ìgbà òjò la lọ wò ó. Àmì omi dé orúnkún lára ògiri ilé kan nísàlẹ̀. Tiwa ga ju ibẹ̀ lọ, ògiri rẹ̀ gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ilé etí omi tẹ́ ẹ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan.

Tó bá wù wá láti gun omi, a ó háyà ọkọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù agbéniléfòó lọ́rùn oníkálukú. Ẹ ṣeun púpọ̀.